Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Igbó?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé iwájú ìjọba, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé sí i a máa mú ìwé wá: àwòrán ilẹ̀, iye owó, iye ènìyàn tí yóò ríṣẹ́. Ẹni tí ó ní kí a fi igbó sílẹ̀ kì í sábàá mú nǹkan wá ju ẹnu lásán lọ. Abájọ tí igbó fi ń jẹ̀bi.

Ní ọdún 2002, Yunifásítì Cornell àti ẹgbẹ́ Audubon ní Amẹ́ríkà dá ìwé àkọsílẹ̀ ẹyẹ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eBird ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn lè dé, ìbáà ṣe etí odò tàbí igbó ọba, lè ní ojú-ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí lónìí àti ohun tí àlejò yóò rí ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò pàdé níbẹ̀. Àkójọ yìí ni ẹgbẹ́ The Nature Conservancy fi mọ ibi àti àsìkò tí àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò ń wá omi ní California. Láti ọdún 2014, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ onírẹsì dá iye tí wọn yóò gbà láti fi omi bo oko wọn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọn kò ra ilẹ̀ náà. Wọ́n yá a ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìbátan ẹ̀gà kan wà, ara rẹ̀ dúdú, pupa wà ní orí àti àyà rẹ̀. Elgood ni ó fún un ní orúkọ ìmọ̀ rẹ̀, Malimbus ibadanensis, ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì wà nínú ewu àparun. Igbó IITA, tí ó tó 350 hẹ́kítà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi ìsádi rẹ̀. Àwọn igbó kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn odi ibẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko lè jẹ́rìí fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́rìí kọ gbogbo ẹyẹ tí ó dá mọ̀, àtèyí tí ó wọ́pọ̀ àtèyí tí ó ṣọ̀wọ́n, àti wákàtí tí ó lò. Ẹni tí ó kọ kìkì èyí tí ó wù ú kò jẹ́rìí, nítorí ọjọ́ tí a kò rí ẹyẹ náà ní ohun tí ó ń sọ. (Kí wọ́n fi ojú ìtẹ́ pamọ́ o, kí àwọn apẹyẹ má baà tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.) A ń rọ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ lọ sí ibi kan náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàwọn ti ìwé àti gègé lọ́wọ́.