Nọ́ńbà wà lára àga ìjọba, software ńkọ́?

Tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn l'Ábẹ́òkúta, ẹ wo ẹ̀yìn àga tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí. Àfàìmọ̀ kí ẹ má rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ síbẹ̀. Ìlànà ìnáwó ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n bá fi owó ìlú rà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á. Tábìlì ń bẹ nínú ìwé, fáànù ń bẹ nínú ìwé, kódà mọ́tò tó ti kú sẹ́yìn ọgbà, tí koríko ti bò, ṣì ń bẹ nínú ìwé. Ó dáa. Software tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn ńkọ́? Mélòó ni wọ́n rà? Mélòó ni wọ́n ń lò? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe update rẹ̀ kẹ́yìn?

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ IT nìyẹn. Ẹ rántí JAMB lọ́dún 2025. Nígbà tí èsì UTME jáde lóṣù kárùn-ún, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tó ṣe é tí wọn ò gba 200 nínú 400. Àwọn kan ti ń bú wọn pé TikTok ni wọ́n ń kà dípò ìwé. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 14 oṣù náà, tí ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta wa níbí, jáde sí àwọn oníròyìn l'Ábújá. Ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? JAMB yí bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ mọ́ra padà, kí ọmọ kan má baà rí ti ẹnìkejì wò. Ìyípadà yẹn ní update tó yẹ kó wọ gbogbo server wọn. Ó wọ àwọn server tí wọ́n ń pè ní KAD. Kò wọ ti LAG, tó ń bójútó Èkó àti gúúsù ìlà oòrùn. Server tí kò gba update ò lè máàkì ìdáhùn àwọn ọmọ bó ṣe yẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí tí èsì fi jáde. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, 65 l'Ékòó, 92 lọ́hùn-ún. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó padà wá tún un ṣe.

Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ọmọ yahoo kankan tó já wọlé. Lójú tèmi, ohun tó sọnù ò ju ìwé kan lọ, ìwé tí ẹ ó ti rí orúkọ server kọ̀ọ̀kan, software tó wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tó gba update kẹ́yìn, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ká ní ẹnì kan la irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni, ìlà LAG ì bá pariwo fúnra ẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lè gbàgbé. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ló yẹ kó ní ìwé tó máa fi mú un.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ti kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ògùn sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú OLARMS, mo sì gbà pé ohun tó dáa ni. Ẹni tó bá ti fi ọdún gbáko wá fáìlì ilẹ̀ bàbá ẹ̀ kiri mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n sáà kejì gómìnà á parí lóṣù kárùn-ún 2027. Nínú ìwé tí wọ́n máa fà lé ẹni tuntun lọ́wọ́, mo mọ̀ pé mọ́tò á wà níbẹ̀. Ṣé software á wà níbẹ̀? Láísẹ́ǹsì wo ló máa kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù wo, ta ló ń tọ́jú ẹ̀, ibo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wa kejì wà? Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ sí Ọ̀bántokò àti Kóbapé, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ o. Ìjà ilẹ̀ láàárín Ẹ̀gbá ti pọ̀ tó, a ò nílò èyí tí kọ̀ǹpútà máa dá sílẹ̀.

Tàbí ẹ jẹ́ ká mú ti Windows 10. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un dúró láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025. Kọ̀ǹpútà mélòó ní sẹkitéríàtì ló ṣì ń lò ó? Ìbéèrè yìí ò yẹ kó gba ẹnikẹ́ni ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti dáhùn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe o. Lóṣù kìn-ín-ní 2023, ọ̀gá àwọn olùṣàyẹ̀wò NASA, àwọn tó ń rán èèyàn lọ sójú òfuurufú, kọ ọ́ pé láàárín ọdún márùn-ún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là ló bá láísẹ́ǹsì Oracle tí wọn ò lò lọ. Kí ló dé? Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí Oracle má wá yẹ̀ wọ́n wò, nítorí wọn ò ní àkọsílẹ̀ tó gún régé nípa iye tí wọ́n ń lò. Bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà ti ṣòfin láti 2016 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ láísẹ́ǹsì wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òfin nìkan ló kù wá kù, mi ò sí lẹ́yìn ẹ̀. Akọ̀wé tí iṣẹ́ ọ̀hún wà lọ́rùn ẹ̀, tí orúkọ ẹ̀ hàn, ló ṣe pàtàkì jù.

Òfin tí àwa nílò wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí sọ pé òfin FOI ti 2011 de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ní FUNAAB àti MAPOLY, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ má béèrè irú software tó wà nínú server kọ̀ọ̀kan o, ìyẹn lè ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Ẹ béèrè iye láísẹ́ǹsì, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa parí, àti ipò òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ewé kan ti tó. Tèmi ń kúrò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè.