Ọparun Etí Odò Lè Di Ilé Ìpàdé Wa



Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ abúlé wa ni ògiri bulọ́ọ̀kù kan ti dúró láìní òrùlé. Gbọ̀ngàn ìpàdé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Owó tán, igbó hù sínú rẹ̀. Títí di òní, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni àwa alífáà ti ń kọ́ ọmọ ní kéú. Bí òjò bá dé, àwọn ọmọ á fi wàláà borí, oníkálukú á sá lọ ilé, òjò á sì fọ ohun tí wọ́n kọ dànù. Bẹ́ẹ̀, ọparun kún etí odò tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí.

Èrò tèmi ni pé kí a má dúró de olówó mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọparun kọ́ ọ.

Àwọn kan á ní, "Alífáà, ilé ìyà nìyẹn." Ẹ rántí mọ́sálásí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mọ̀dínà. Ìtì igi dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ rẹ̀ ni òrùlé. Òjò jò wọlé débi pé inú ẹrẹ̀ ni Ànábì ti forí kanlẹ̀. Ta ló lè pe ibẹ̀ ní ilé ìyà? Láyé òde òní náà, ní abúlé Rudrapur ní Bangladesh, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan: amọ̀ nísàlẹ̀, ọparun lókè. Àwọn ará abúlé wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ní 2007, ilé náà gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Ṣùgbọ́n ọparun kò fẹ́ ìkánjú. Èmi gan-an ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gé ọparun tútù, a rì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, a fi kọ́ àtíbàbà. Kò pé ọdún méjì tí ikán àti kòkòrò fi sọ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Èyí tó ti tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kí ẹ gé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ara rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ po borax àti boric acid sí, kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́. Ẹ sá a gbẹ lábẹ́ ibòji. Kí ẹsẹ̀ òpó má kan ilẹ̀; orí òkúta tàbí kọnkéré ni kó dúró lé. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má na òpó. Ìṣó máa ń là á, okùn tó le ni kí ẹ fi dì í. Ẹ má sì gé ìdí kan tán, kó lè máa rú.

Èyí tó ṣòro jù ni ìtọ́jú. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ọparun wá, kí a sì yan ẹni tí yóò máa yẹ ilé náà wò lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò. Sàráà járíyà ni irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ sì ń ṣàn níwọ̀n ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń jàǹfààní rẹ̀. Ògiri tó wà nínú igbó yẹn, ta ló ń jàǹfààní rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa wúlò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Àmín.