Ẹ Má Tíì Po Ẹ̀kọ fún Un: Nọ́ọ̀sì Tó Mọ Ìtọ́jú Rọpárọsẹ̀ La Ń Fẹ́ Nígbèríko

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ náà tí fóònù fi dún nílé wa. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi jí, wọn kò lè gbé apá ọ̀tún, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò sì yé ẹnikẹ́ni. Kí a tó débẹ̀, ilé ti kún. Ẹnìkan ń fi àdí ra apá náà. Ẹlòmíràn ní ọfà ni wọ́n ta bàbá, pé kí wọ́n má ṣe gbé wọn lọ sílé ìwòsàn nítorí pé ọfà kì í gba abẹ́rẹ́ òyìnbó. Ìyàwó ilé kan, tó fẹ́ràn bàbá bí ẹni pé òun ni wọ́n bí, ti po ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé orí wọn lé itan, ó ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Bí ẹ̀kọ náà ṣe ń wọlé ni bàbá ń wúkọ́. A rò pé ikọ́ lásán ni.

Ọjọ́ kejì la tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ara wọn gbóná bí iná, àyà wọn ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, kí lẹ fún bàbá jẹ nílé?" Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní rọpárọsẹ̀ kì í mú apá àti ẹsẹ̀ nìkan, ó máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú, àti pé ẹ̀kọ tí a rò pé ó ń lọ sínú ikùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni òtútù àyà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a tó fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù lóúnjẹ tàbí oògùn ẹnu, ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé e jókòó dáadáa, kó fún un ní omi bíi ṣíbí kan, kó sì máa wò ó bóyá yóò gbé e mì, bóyá yóò wúkọ́, bóyá ohùn rẹ̀ yóò yí padà bíi ti ẹni tí omi há sí lọ́fun. Bí kò bá lè gbé e mì dáadáa, wọn kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu mọ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà bọ́ ọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí nọ́ọ̀sì mìíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni àná, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a lọ wá ògì fún bàbá. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bàbá lo ọjọ́ 19 nílé ìwòsàn náà kí ọlọ́jọ́ tó dé. N kò kọ èyí láti na ìka àbùkù sí ìyàwó ilé wa tàbí sí nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló ń tọ́jú gbogbo wọ́ọ̀dù náà lálẹ́, mo fi ojú mi rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín nọ́ọ̀sì alẹ́ àti nọ́ọ̀sì àárọ̀, ìmọ̀ náà kò sì gbówó lórí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí lè máa wò ó pé kí ni ọmọ àná bíi tèmi fẹ́ kọ́ àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń kà nípa rẹ̀, ohun tí mo sì rí yà mí lẹ́nu.

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sandy Middleton, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ṣe ìwádìí ní wọ́ọ̀dù 19 tí wọ́n ti ń tọ́jú rọpárọsẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Wọn kò mú oògùn tuntun wá, wọn kò sì ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa ṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ara gbígbóná, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti bí aláìsàn ṣe ń gbé nǹkan mì. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nínú 100 aláìsàn tó wà níbi tí wọn kò ti kọ́ nọ́ọ̀sì ní nǹkan wọ̀nyí, 58 ló ti kú tàbí tó di ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan fún. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn, 42 ni. Èèyàn 16 nínú 100! Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. Ìtọ́jú tí ara gbígbóná àti omi inú ṣíbí ń fẹ́, a ní in nílẹ̀ yìí.

Àwọn kan á ní Ọsirélíà kì í ṣe ilé wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe àjèjì sí wa. Lọ́dún 1964 ni Ìyáàfin Kofoworọla Abẹni Pratt, ọmọ Èkó tó kọ́ iṣẹ́ náà ní London, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù àgbà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ibadan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ipele dìgírì, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò tíì ronú kàn án. Lórí rọpárọsẹ̀ pàápàá, láàárín ọdún 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àìsàn náà bá kọlù n'Ibadan sílẹ̀ nínú ìwé kan. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, oríire ni kí aláìsàn bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé kò yẹ kó mu ẹ̀kọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdènà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kan àwọn tó wà lábúlé. Lọ́dún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana. Èèyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì fi ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn wé ẹlòmíràn tí kò ní in. Ọjọ́ orí àwọn tó ní in kò ju bíi 59 lọ ní ìdọ́gba. Ní ìṣirò wọn, bíi 9 nínú 10 rọpárọsẹ̀ ló ní ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru nínú. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé, ẹni tó máa ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ tí wọ́n ti sè tán, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ti sanra jù, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tọ́jú rẹ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ewu. Ẹ ò rí i pé tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí àwọn ọmọ wa nígboro ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ti di oògùn!

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Kì í dun èèyàn. Àgbẹ̀ lè gbé e lọ sóko fún ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ọ́n ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lápá, kí a sì máa lo oògùn lójoojúmọ́ bó bá ti kọjá 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, tí wọ́n sì kọ oògùn fún wa. Ta ni yóò wá wọ̀n ọ́n fún bàbá tó wà lábúlé tí dókítà kì í dé? Nọ́ọ̀sì ni, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ntà.

Àwọn dókítà kan kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní bí nọ́ọ̀sì bá ń fún èèyàn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ lè bẹ́yìn yọ. N kò fojú di ẹ̀rù wọn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń pani lára. Ṣùgbọ́n ní Ghana, wọ́n dán an wò ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ntà 32. Àwọn aláìsàn 757 tó wà nínú rẹ̀ ló ní ìwé ìlera adójútòfò, ṣùgbọ́n apá kan nìkan ni àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ní ìwọ̀n 20 lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì náà, ó sì wálẹ̀ ní ìwọ̀n bíi 17 níbòmíràn. Ìyàtọ̀ náà kò fò sókè bí ẹnìkan ṣe lè fẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú tí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì wálẹ̀ díẹ̀ lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, òkú rọpárọsẹ̀ yóò dín kù. Nílẹ̀ wa níbí, ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ àti àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àwọn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ntà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano. Ìbéèrè mi sí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá yòókù ni pé kí ni wọ́n ń dúró dè?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kò lè fi sábẹ́ ẹní. Àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ń lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí àjọ náà tó bá a jẹ́rìí sí ìwé tí yóò fi lọ sókè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì yarí, wọ́n ṣe ìwọ́de. Tèmi ni pé a kò lè fi okùn so èèyàn mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ti ń tọ́jú aláìsàn rẹpẹtẹ. Ẹni tí a bá fún ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ lórí àìsàn kan, tí a fún ní àyè láti ṣe ìwádìí tirẹ̀, tí a sì sanwó fún bó ṣe tọ́, nǹkan wà tí yóò mú un dúró. Ẹni tí a kàn ń pàṣẹ fún, ọjọ́ méjì ọdún náà bá pé ló máa di ẹrù rẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kò jáde láìjẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò bí aláìsàn ṣe ń gbé nǹkan mì. Kí àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́ náà padà wá kọ́ ọ. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ntà abúlé bàbá mi, èyí tó wà níbẹ̀ ti ya lápò tí wọ́n ń wé mọ́ apá, owó ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi ń ra bátìrì rẹ̀.

Ní tiyín, ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́, tí apá kan já wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, ẹ wo aago, kí ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Ẹ má fún un lẹ́kọ, ẹ má fún un lágbo, ẹ má sì fún un ní Aspirin tí ẹnìkan bá ní kí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé nínú ìwádìí ti Owólabí yẹn, bíi 32 nínú 100 jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ, Aspirin sì lè mú kó máa ya sí i. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọfà. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí ọ̀tá lè wádìí rẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti dé wọ́ọ̀dù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ilé wa yẹn pè mí lálẹ́. Ó ní ìyá kan ládùúgbò wọn ṣubú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́, ó ní òun ti gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i lẹ́nu, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀. Ó wá bi mí pé ilé ìwòsàn wo nítòsí ni wọ́n ti ní nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n darí ọkọ̀ síbẹ̀. N kò mọ èyí tí mo lè dárúkọ fún un.