Dókítà Kì í Ṣe Ayé

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ní ilé náà ló yẹ ká ti máa kó ìlera ròde.

Lọ́dọọdún là ń gbọ́ pé ẹnìkan nínú ẹ̀ka wa ti rí físà gbà. Ẹnìkan ń lọ fi ètò Fulbright kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní Yorùbá, ẹlòmíràn ń lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba. Bí ìròyìn bá ti dé, ọ̀rọ̀ gààrí, èlùbọ́ àti aṣọ òtútù ló máa ń gba ẹnu wa kan. Ìlera ló máa ń kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan máa ń sanwó gba káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Wọ́n á ní ṣebí ìwé ni wọ́n máa béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ka ìwé. Ibà pọ́njú kò ní oògùn kan pàtó tó ń wò ó, abẹ́rẹ́ ni ààbò. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, bí ẹ bá ti gbà á ní ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó rìnrìn àjò. Kí ló wá dé tí a ó fi owó ra irọ́?

Ẹni tó bá máa lo ju oṣù 6 lọ ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife kó tó béèrè físà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún san £776 fún ìlera lórí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ rò pé owó yẹn ti kó ohun gbogbo pọ̀. Rárá o! Ní England, ọ̀tọ̀ lowó ìtọ́jú eyín, ọ̀tọ̀ ni ti awò ojú, ọ̀tọ̀ ni ti oògùn tí dókítà bá kọ. Eyín tó ti ń dùn yín láti 200 level, ilé ni kẹ́ ẹ ti tọ́jú rẹ̀.

Oògùn náà ńkọ́? Tramadol tí àwọn kan ń rà bí ẹni ra súìtì lè sọ ènìyàn di èrò ẹ̀wọ̀n ní Dubai bí kò bá ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ gba lẹ́tà dókítà, kẹ́ ẹ sì fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Agbo inú ike tí kò ní orúkọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún Màámi.

Ohun tó ń dá wa dúró jù, lójú tiwa, kì í ṣe owó. Wọ́n ti kọ́ wa pé ká má fi àìsàn wa han ayé. A gbà, ayé le. Ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe ayé. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ pé òtútù lè gbé ìrora rẹ̀ dìde. Kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ní kété tó bá débẹ̀, kó má dúró di ìgbà tí yìnyín bá ń bọ́. Bí ara bá sì gbóná lẹ́yìn tí ẹ dé, ẹ tètè sọ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ibà tí a mọ̀ dunjú níbí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ lọ́hùn-ún, ó sì lè pa ènìyàn bí wọn ò bá tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti lọ, àwòrán yìnyín tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń dùn mọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún máa sọ iye tí ẹ san láti yọ eyín kan fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtilọ, ó kéré tán, ẹ fi oṣù 3 ṣíwájú ọjọ́ ìrìnàjò lọ rí dókítà. Gààrí lè dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.