Ta Ló Ń Gbé Etí Adágún Kí A Tó Dé?

Ìlú tí a kọ́ kẹ́yìn rẹwà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Etí adágún kan ló wà, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, afárá mẹ́ta gba orí omi kọjá, àwọn ilé àwòṣífìlà sì tò sí bèbè omi bí ẹni ń retí ìyàwó. Àwa mẹ́ta la jọ kọ́ ọ nínú géèmù Cities: Skylines, fún bí oṣù mẹ́rin, lálẹ́, tí a bá ti tibi iṣẹ́ dé, tí iná bá wà tàbí tí inverter bá ṣì lẹ́mìí. Kóòdù là ń kọ jẹun lọ́sàn-án, ìlú là ń kọ́ lóru. Omilọ́lá la sọ ọ́.

Nígbà tí a parí rẹ̀, a ya fídíò rẹ̀ láti òkè, ní àkókò tí oòrùn inú géèmù ń yọ bọ̀ lórí omi, a fi orin jẹ́jẹ́ sí i, a sì gbé e síta. Wọ́n yìn wá gan-an. Ẹnì kan ní ó dà bíi Switzerland. Inú wa dùn sí i débi pé a tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó kọ wá lóminú, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí wọ́n ń yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ló ba ayẹyẹ náà jẹ́. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta ẹja kí a tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú àwa mẹ́ta. A gbé láptọ́ọ̀pù síwájú wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dáa. Ọjà dà?"

A fi ibi tí àwọn ilé ìtajà wà hàn wọ́n.

"Ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọjà ni mo ní. Níbo ni àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́?"

A ní kò sí apẹja.

"Omi tó tóbi tó báyìí, kò sí apẹja? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó dé ńkọ́? Kí lẹ ṣe wọ́n?"

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

"Irọ́ ni," wọ́n wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dìde lọ ro ọbẹ̀ wọn.

Irọ́ ni lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ ìlú lórí kọ̀ǹpútà sọ nìyí, bí kò tiẹ̀ dùn létí: àwọn ìlú etí omi tí à ń kọ́, tí a sì fi ń yangàn, irọ́ là ń fi wọ́n pa. Irọ́ kan náà ni wọ́n pa kí wọ́n tó wó Maroko. Ó yẹ ká jáwọ́.

Ẹ ṣí géèmù náà, ẹ wo ó dáadáa. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Colossal Order, ní ìlú Tampere ní Finland, ló gbé e jáde ní 2015. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn nígbà náà kò ju bíi mẹ́tàlá lọ, àwa tí a sì mọ ohun tí kóòdù ń fi ojú ẹni rí, a fìlà fún wọn. Tó o bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó tó kìlómítà méjì níbùú àti lóròó, pẹ̀lú owó 70,000. Koríko wà níbẹ̀, igi wà, omi wà. Kò sí ahéré kan. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tó lọ sódò. Kò sí ibojì baba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ ti wà! Ẹ bá wa rò ó: wọ́n ti la òpópónà wọnú igbó kí ènìyàn kan ṣoṣo tó débẹ̀. Ta ni wọ́n là á fún?

Lẹ́yìn náà, o máa fi àwọ̀ pín ilẹ̀. Àwọ̀ ewé fún ilé gbígbé, búlúù fún ìtajà, yẹ́lò fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú géèmù àkọ́kọ́ yẹn, ilẹ̀ tó o bá kùn ní àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni ò ní tajà níbẹ̀ láéláé. Ilé ìyá tí a ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀bù ló wà níwájú, télọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ènìyàn mọ́kànlá sì ń sùn nínú rẹ̀. Àwọ̀ wo la fẹ́ fi kùn ún? Ìgbà tí géèmù kejì jáde ní 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èrò pé ká ya ibi tí à ń gbé sọ́tọ̀ kúrò níbi tí à ń tajà kì í ṣe òfin tó tọ̀run wá. Ní 1926 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ abúlé kan tó ń jẹ́ Euclid, ní Ohio. Will Wright tó ṣe SimCity ní 1989 náà, inú ìwé Jay Forrester tó jáde ní 1969 ló ti rí ọgbọ́n mú, ìwé tó sọ ìlú di ìṣirò. Àwa tí a ń kọ kóòdù ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí: òfin tó wà nínú ẹ̀rọ, èrò orí ẹnì kan ni. Ẹni yẹn ò sì dé Ẹ̀pẹ́ rí.

Ẹja ńkọ́? Ní 2020 ni wọ́n fi iṣẹ́ apẹja kún géèmù náà, nínú àfikún tí à ń fi owó ọ̀tọ̀ rà. Omi kì í ṣe owó ọ̀tọ̀ o. Bèbè omi tí ilé olówó máa dojú kọ kì í ṣe owó ọ̀tọ̀. Ẹja ló jẹ́ owó ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n katapílà gan-an ni ẹjọ́ wa. Bọ́tìnnì kékeré kan ni, ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. O tẹ̀ ẹ́, o tọ́ka sí ilé, ilé náà di eruku, ó tán. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ké, wọn ò gbé ẹrù jáde sójú títì, wọn ò béèrè ibi tí wọ́n máa sùn. Níbi iṣẹ́ wa lọ́sàn-án, tó o bá fẹ́ pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́ nínú database, tí nǹkan mìíràn sì so mọ́ ọn, database tó dáa á kọ̀ fún ẹ. Á ní: wo àwọn tó gbára lé èyí ná. Àwa tí a ò jẹ́ pa orúkọ oníbàárà kan rẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa náà la wó odidi àdúgbò kan ní Omilọ́lá lọ́jọ́ Àìkú kan torí kí ọ̀nà etí omi lè gún régé. A tiẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́.

Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Bíi 300,000 ènìyàn ni iye tí wọ́n sábà máa ń dá pé ó di aláìnílé. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi lè bò ó, àyíká sì dọ̀tí. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí, ẹ wo irú ilé tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù fún tálákà kò rẹlẹ̀ jù fún olówó. Ní 2016 àti 2017, ó kan Otodo Gbame, abúlé apẹja ní etí ọ̀sà lápá Lẹ́kí, níbi tí àwọn Ègùn pọ̀ sí jù. Iná àti katapílà ni wọ́n fi lé bíi 30,000 ènìyàn kúrò nílé. Ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọn ò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ tako òfin. Ilé ti wó tán nígbà yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wó irú ibẹ̀, máàpù ló kọ́kọ́ máa ń wò, àwòrán tí wọ́n yà láti òkè bíi tiwa. Títí di 2019, tí dróònù bẹ̀rẹ̀ sí ya Makoko fún OpenStreetMap, ẹni tó bá ṣí máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì wò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo èèyàn yẹn, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, máàpù ní kò sí wọn. Ilẹ̀ ò ṣófo. Máàpù ló ṣófo. Àwa ọ̀dọ́ tí a fi géèmù kọ́ ojú wa láti máa fẹ́ràn etí omi tó ṣófo, ṣé ojú wa á tètè mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá gbé àwòrán ìlú ọ̀la wọn wá fún wa, tí wọ́n ní ká wá fi kóòdù ràn wọ́n lọ́wọ́?

A ti gbọ́ èsì yín. "Eré lásán ni." Ó dáa, tó bá jẹ́ eré lásán ni, kí ló dé tí ẹ fi ń lo oṣù mẹ́rin lórí rẹ̀, tí inú yín sì ń bàjẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá yìn ín? Ohun tí à ń fi yangàn, ó ń sọ ohun tí à ń fẹ́.

Èsì kan wà tí a ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, torí inú àwa mẹ́ta ló ti wá. Ọ̀kan nínú wa ní: "Ìkòròdú ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń kúrò nílé. Tí mo bá wá dé lálẹ́, tí mo rí ọ̀nà tó ń lọ geere, iná tí kì í lọ, omi tó ń yọ, kó tiẹ̀ jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ n sinmi jàre. Ṣé àlá náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Rárá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwa náà ń lá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú ọ̀nà Omilọ́lá lọ geere. Nínú géèmù yẹn, awakọ̀ tí kò bá rí ibi gbé ọkọ̀ sí, ọkọ̀ rẹ̀ á pòórá, bí ẹni pé ó ká a sápò. Ọkọ̀ tó bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ju bó ṣe yẹ lọ náà á pòórá, àfi tó o bá fi mod dí i lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe SimCity ti 2013 tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn fi ibi ìgbọ́kọ̀sí pamọ́, torí tí àwọn bá fi í hàn bó ṣe tó, òun nìkan ni ìlú á kún fún. Kì í ṣe pé a mọ ọ̀nà ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkọ̀ ló ń pòórá, bíi ti àwọn apẹja.

Ó ku ohun kan tí a ò fi sínú fídíò wa. Páìpù omi ẹ̀gbin Omilọ́lá, inú adágún la dojú rẹ̀ kọ. Tó bá jẹ́ odò ni, omi á gbé e lọ bá ẹlòmíràn nísàlẹ̀. Adágún kì í ṣàn. Ohun tó o bá jù sí i, ó ń tọ́jú rẹ̀ dè ẹ́ ni. Láàárín ìgbà díẹ̀, apá ìlà oòrùn omi wa ti pọ́n bí ẹ̀kọ tó jóná, ó sì dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi mímu, àìsàn bá tàn ká ìlú. Kí la ṣe? A gbé ẹ̀rọ afami lọ sí òdìkejì. Nígbà tí a sì fẹ́ ya fídíò, apá ìwọ̀ oòrùn la ti yà á. Switzerland tí wọ́n rí, ìdajì omi ni wọ́n rí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú orí adágún tòótọ́, kó wo Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn tó ń sá fún àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ló tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n kọ́lé sórí òpó nínú omi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń nájà. Wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú adágún kí ẹja lè wá sá sí i, kó sì pọ̀ sí i níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbin oko. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún rèé. Tó o bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ nínú Cities: Skylines, géèmù á ní o ò lè pín ilẹ̀ lórí omi.

A ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò tíì lórúkọ. Kí a tó la ọ̀nà kankan, a fi mod tó ń jẹ́ Move It gbé ọgbọ̀n ilé sórí omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ látibẹ̀ wọnú igbó. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ wó ilé kan á kọ́kọ́ sọ fún àwọn méjì tó kù ibi tí àwọn ará ilé náà ń lọ, kó sì kọ́ ibẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Títí di òní, ilé mẹ́rin péré la tíì wó. Ọ̀nà etí omi wa wọ́ bí ejò, tó o bá sì wo ìlú náà láti òkè, ó dà bí àwọ̀n tó ya. A ti fi àwòrán rẹ̀ síta, láti ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi máa dé, tòun ti omi pípọ́n. Àwọn tó yìn ín kò tó nǹkan. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé kámẹ́rà yín sọ̀ kalẹ̀, ká rí ohun tó wà níbẹ̀.

A ò tíì gbé e síwájú Mọ́mì. Ọjà ló dá wa dúró. Ẹni Ìkòròdú ní kó wà lẹ́sẹ̀ afárá kí ọkọ̀ lè débẹ̀, àwa méjì ní ibi tí ẹja ti ń gúnlẹ̀ ló yẹ kó wà, a sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jà sí i.