Níbo Ni Ààrò Ilé-Ìwé Wà?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìdọ̀fin, ẹ̀yin ará Ìlọfà, Odò-Ọwá, Òsí àti gbogbo abúlé tó wà láàrin! Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ omi, a ti sọ ọ́, a ó tún sọ ọ́. Ti òní, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ra ẹ̀wà àti epo lọ́jà lọ́dún 2024 kò ní rẹ́rìn-ín. Ní oṣù June ọdún náà, iléeṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí à ń ra ní ₦1,000 di ₦1,400. Àwọn tó wà lórí àga ní ká ní sùúrù. Sùúrù kò ṣeé sè jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe nǹkan kan fún wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ti oko bọ̀ tètè, ẹ yà sí ilé-ìwé tó sún mọ́ yín. Ẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé dáadáa, torí ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ wá bi í pé: níbo lẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní oúnjẹ sísè? Níbo ni ààrò wà? Ìkòkò dà? Bí ẹ bá rí wọn, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé nótì ni wọ́n mú jáde, ẹ ṣí i wò. Ọmọ ti kọ “oúnjẹ aṣaralóore” síbẹ̀, ó ti ya ẹyin, ó ti ya ẹja, ó gba 8 nínú 10, kò sì tíì fọwọ́ kan ṣíbí ọbẹ̀ rí nílé-ìwé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ láì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ta ló máa gbé aṣọ fún un?

Ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ṣèlérí pé ọmọ yóò fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́. Home Economics wà níbẹ̀, Intro-Tech wà níbẹ̀. Ẹ rántí àwọn ẹ̀rọ Intro-Tech tí wọ́n fi owó ńlá kó wọlé láti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dípẹtà sínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, torí kò síná, kò sólùkọ́. Ìkòkò ò béèrè iná NEPA. Òkúta mẹ́ta, igi, omi, ó parí. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde iṣẹ́ ọwọ́ 6 tuntun fún ilé-ìwé girama kékeré ní 2025, iná oòrùn wà níbẹ̀, aṣọ rírán wà níbẹ̀, ẹran sísìn, ohun ọ̀gbìn, àtúnṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà, títí kan ìṣaralóge. Gbogbo wọn ló dára. Oúnjẹ sísè kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àwọn kan á ní, “Ṣé ìyá kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní ọbẹ̀?” Ìyá ló ń kọ́ ọ nígbà tí ìyá wà nílé. Ìyá òde òní ti jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ sílé-ìwé, nígbà tí wọ́n bá fi padà pàdé lálẹ́, Indomie ló yá jù. Ìyá pàápàá, ta ló sọ fún un nípa kán-ún? A fẹ́ràn òtílí lágbègbè wa. Ó ń so lóko wa, ó sì ń fún ara lókun bí ẹ̀wà tó wọ́n gógó lọ́jà. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í tètè jinná, ó ń jẹgi. Nítorí náà la ṣe ń da kán-ún sí i. Kán-ún a máa rọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń ba fítámínì inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá rẹ òtílí sómi mọ́jú, tó da omi náà nù, tó wá gbé e kaná, igi tó máa lò á dín, kò sì ní wá kán-ún lọ. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ebòlò, ẹ̀gbẹ́ ilé ni òmíràn ń hù sí. À ń gé e wẹ́wẹ́ ká tó fọ̀ ọ́, à ń bọ̀ ọ́ pẹ́, à ń fún un gbẹ, à ń da omi rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ló ń jẹ oore ibẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ká fọ̀ ọ́ ká tó gé e, ká dà á sọ́bẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó tó. Epo pupa wa, fítámínì tó ń ṣe ojú lóore ló mú un pupa. Ẹni tó bá yọ́ ọ títí tó fi funfun ti jó oore náà dànù. Ẹ̀wà sóyà dára, ó pọ̀ lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jinná dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikùn ọmọ kò ní gbà á. Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́ má tó ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú mágì. Ẹ wo iye mágì tó ń wọ ìkòkò kan nílé yín, kí ẹ wá wo iye àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ládùúgbò.

Kì í ṣe àgbà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera tó jáde lẹ́yìn kíkà ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé lára 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 5, nǹkan bí 40 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí kò rí ju ògì lásán, bó bá yó, ikùn rẹ̀ ló yó, ara rẹ̀ kò yó. Àwọn àgbà Ìmèsí-Ilé, tí kò jìnnà sí wa, mọ nǹkan kan nípa èyí. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀ lóṣooṣù, ó ń fi àmì sí káàdì, ó sì ń fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá wọn. Ìyá tí kò mọ̀wé ń rí i fúnra rẹ̀ bóyá ọmọ ń gòkè tàbí ó dúró lójú kan. Ayé kọ́ káàdì yẹn lọ́wọ́ ìlú kékeré ilẹ̀ Yorùbá. Àwa tó wà nítòsí ni kò fi kọ́ ọmọ wa.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ obìnrin o. Ọmọkùnrin yín tó lọ ṣe àgbàṣe, tó lọ sí Ìlọrin kàwé, tó lọ ṣe agùnbánirọ̀, ṣé búkà ni yóò máa fi gbogbo owó rẹ̀ fún? Ní Japan, tọkùnrin tobìnrin ló ń kọ́ ọ pọ̀ nílé-ìwé girama láti 1993 àti 1994, wọ́n sì ṣòfin ní 2005 lórí kíkọ́ ènìyàn nípa oúnjẹ. Ní England, láti September 2014, gbogbo ọmọ títí dé ọdún 14 ló wà nínú ìlànà pé kó kọ́ oúnjẹ sísè. Ọlọ́rọ̀ nìwọ̀nyẹn. Àwa tí kò lówó ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é.

Wọ́n á sọ pé àwọn ti fún ọmọ lóúnjẹ nílé-ìwé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú ₦70 fún ọmọ kan. Ní January 2024, wọ́n dá a dúró nítorí ìwádìí owó. Ọjọ́ tí owó dúró, ìkòkò dúró. Èyí tí ọmọ bá ti kọ́, kò sí ẹni tó lè fi ìwé àṣẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èló ni yóò ná wa? Ààrò alámọ̀ tí kì í jẹgi púpọ̀, òrùlé páànù lórí rẹ̀, ìkòkò ńlá méjì, ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Kí nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera máa yà wá. Kí wọ́n pe àwọn ìyá ìlú, alákàrà, olóle, ẹlẹ́kọ, kí wọ́n wá kọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí wọ́n sì sanwó fún wọn, kì í ṣe “ẹ ṣeun, màmá” lásán. A ò fẹ́ “owó práktíkà” o. Gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n: kí ọmọ mú ẹyin wá, kó mú bọ́tà wá, kó mú fúláwà wá, kéèkì tí wọ́n ṣe kò dé ẹnu rẹ̀.

Owó wà. Òfin ilẹ̀ wa fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 11 July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò yín fún ìdìbò 2027, yálà ẹni tiwọn tàbí ẹni tiwa, ẹ bi í lójú gbogbo ènìyàn: èló nínú owó Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì ni yóò lọ sí ààrò ilé-ìwé? Oṣù wo ni wọn yóò mọ ọ́n? Ta ni yóò máa san owó ìyá tó ń kọ́ wọn? Kí akọ̀wé ìlú kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà sì fọwọ́ sí i kó tó wọkọ̀.