Oríyìn fún Àwọn Tó Ní Kí Ọmọdé Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ilé tí kọ̀ǹpútà ti wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí wọ́n daṣọ bò ó lórí bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Bàbá nìkan ló ń tàn án. Kí ọmọ tó na ọwọ́ sí i, ohùn á ti dún láti kíṣìnì: "Wò ó, má fọwọ́ kan nǹkan yẹn o!" A ò bá òbí kankan wí. Owó gọbọi ni wọ́n fi rà á, ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá kọṣẹ́ kò sì ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí a fẹ́ kan sáárá sí lónìí ni àwọn ará Cambridge kan, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà tó pọ́ọ́kú débi pé òbí lè gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, kó sì lọ sùn.

Clive Sinclair la ó kọ́kọ́ kí. Ní 1980, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n nínú ilé, ó gbé ZX80 síta ní pọ́n-ùn 99.95. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ZX81 dé ní 69.95, ẹni tó bá lè fi òjé jó ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀ sì rí i rà ní 49.95. Ohun tí wọ́n yọ kúrò kí owó rẹ̀ tó lè wálẹ̀ pọ̀. Kò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n ń so ó mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì orin ni wọ́n ń gba iṣẹ́ inú rẹ̀ sí. Kíìbọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí bọ́tìnnì kan tó yọrí. Ìrántí rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 1 lọ. Àròkọ tí ẹ ń kà yìí kò lè wọ inú rẹ̀ tán.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá tan ZX81. Kò sí àwòrán, kò sí eré kankan nílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kàn ń dúró kí ẹnì kan sọ ohun tí yóò ṣe fún un, ní èdè BASIC. Ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà a máa tẹ ètò eré jáde, ọmọ á jókòó tì í, á máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí àmì kan ṣoṣo bá ṣì, eré ò ní ṣe. Ó di kó padà wá a kiri, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá ta kókó pátápátá, kó fa wáyà yọ lára iná, kó tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, nítorí inú ṣíìpù tí ọwọ́ ọmọ ò lè yí padà ni wọ́n kọ BASIC sí. Ọgbọ́n yìí gan-an là ń yìn, ju owó pọ́ọ́kú rẹ̀ lọ.

A ò ní tìtorí oríyìn purọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrántí ẹ̀rọ náà pọ̀ sí i ní láti ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kì í dúró dáadáa, bí tábìlì bá mì pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ti lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn ṣáà ń rà á. Ṣùgbọ́n Sinclair nìkan kọ́ ló ni oríyìn yìí: Chris Curry, tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, àti Hermann Hauser dá Acorn sílẹ̀ ní Cambridge kan náà. Àwọn ló ṣe BBC Micro tó wọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tirẹ̀ ga ju ti Sinclair lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Acorn yẹn ni Sophie Wilson àti Steve Furber wà tí wọ́n fi ṣe ṣíìpù ARM tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní 1985, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló sì wà nínú fóònù tó wà lápò yín.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ilé di ohun tí gbogbo ìdílé ń fi ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ da ti òun rú mọ́. Ẹ̀rọ eré náà ò sì gbà kéèyàn tú inú rẹ̀ wò. Eben Upton rí i ní Yunifásítì Cambridge pé àwọn tó ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń dín kù, àwọn tó sì ń wá ò fi bẹ́ẹ̀ tíì fọwọ́ ara wọn kọ ètò rí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Raspberry Pi ní dọ́là 35: pátákó kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, tí kò ní àpótí, tó tún padà sára tẹlifíṣọ̀n ilé. Wẹ́ẹ̀bù àwọn tó ń tà á dákú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí mẹ́mọ́rì káàdì ni gbogbo ètò rẹ̀ ń gbé. Bí ọmọ bá dà á rú, kó pa inú káàdì rẹ́, kó tún ètò kọ sí i. Ní oṣù kọkànlá 2015, wọ́n gbé Pi Zero jáde ní dọ́là 5, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé ìròyìn wọn, MagPi, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ra ìwé gba kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ènì! Àwa náà tí à ń ṣe ìwé ìròyìn, ó dùn wá díẹ̀ pé àwa kọ́ la kọ́kọ́ rò ó.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Dọ́là kan kò tó igba náírà nígbà tí Pi kọ́kọ́ jáde. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500, a ò sì tíì ka ṣájà àti káàdì. Ẹ̀bi wọn kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ṣíìpù di ọ̀wọ́n káàkiri ayé ní 2021, wọ́n fi dọ́là 10 kún owó Pi tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2, ṣùgbọ́n wọ́n dá oní-gígábáìtì 1 padà sọ́jà ní 35 yẹn, kí aláìní má bàa pàdánù. Wọn ò sì pa àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ tì: ètò tuntun wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Pi ọdún 2012. Ẹni tó bá rí tòkúnbọ̀ rẹ̀ rà, ọjà gidi ló rà.

Clive Sinclair kú ní oṣù kẹsàn-án 2021, lẹ́ni ọdún 81. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ṣì wà láyé. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ń lọ sí Cambridge, kó jọ̀wọ́ bá wa kí wọn.